Ẹ̀gbà Fàdákà Ìyá Ìṣọ̀lá

Ìyá àgbà kan wà ní ìlú Ìdóṣùn tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìyá Ìṣọ̀lá. Ojú rẹ̀ ti fọ́, ọkọ rẹ̀ sì ti kú, ṣùgbọ́n kì í ṣe aláròyé ènìyàn. Alágbẹ̀dẹ fàdákà ni ọkọ náà nígbà ayé rẹ̀. Nígbà tó ń fẹ́ ìyá sọ́nà, ó rọ ẹ̀gbà ọwọ́ méjì fún un, ó sì fín àdàbà méjì tí wọ́n kọjú síra sára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, Ìyá Ìṣọ̀lá yóò mú àwọn ẹ̀gbà náà, yóò máa fi ìka tọ ipa ìyẹ́ àwọn ẹyẹ náà, yóò sì máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹni tí kò bá mọ ìdí ọ̀rọ̀ lè rò pé arúgbó ń ṣeré ọmọdé. Ọkọ rẹ̀ ló ń kí.

Nígbà tó yá, Ìṣọ̀lá gbé ìyàwó wọlé. Àwẹ̀ró ni orúkọ rẹ̀, ọmọ àwọn tó ń fín igbá ni. Ó lápá, kò sì mọ ọ̀lẹ. Kí àkùkọ tó kọ, ó ti gbálẹ̀, ó ti pọnmi. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni ìwàdùwàdù: iṣẹ́ tí ẹ bá ní kó ṣe lónìí, àná ló fẹ́ ti parí rẹ̀. Ohun tó sì ń jẹ ẹ́ lọ́kàn jù ni bí ìyá ọkọ rẹ̀ yóò ṣe fi ọkàn tán an.

Ó wá ku díẹ̀ kí wọ́n sọ ọmọ kan lórúkọ nínú agbo ilé, ni Ìyá Ìṣọ̀lá bá pè é.

“Ìyàwó mi, wọ́n ní èéfín ti sọ àwọn ẹ̀gbà mi di dúdú bí ìdí ìkòkò. Gba ọ̀kan ná. Ọṣẹ dúdú àti omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kí o fi fọ̀ ọ́, kí o sì fi àkísà tó rọ̀ nù ún. Bí kò bá mọ́ lónìí, tún un fọ̀ lọ́la. Má fipá bá a.”

“Mo ti gbọ́, Ìyá mi.”

Ó gbọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ká gbọ́, ọ̀tọ̀ ni ká gbà.

Àwẹ̀ró fọ ẹ̀gbà, ó nù ún, dúdú rẹ̀ kò kúrò. Ó tún un fọ̀, pàbó ló já sí. Ó pòṣé. “Ṣé bí n ó ṣe máa wà nìyí títí wọn yóò fi sọ ọmọ lórúkọ?” Ó wá rántí ilé baba rẹ̀. Bí ara igbá bá rí hágahàga níbẹ̀, ewé eèpín ni wọ́n fi ń ha á, ewé tó ń ha ni lọ́wọ́ bí ahọ́n ológbò. Kò sí igbá tí í bá a jà. Ó ní bí eèpín bá lè mú igbá dán, ta ni fàdákà tí yóò ní òun ò ní í dán?

Ó já eèpín wá, ó bu iyanrìn odò sí i, ó jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ha ẹ̀gbà náà títí apá fi ń ro ó. Nígbà tó ṣan án, ó ń dán gbinrin. Ìyálé kan tó ń kọjá lọ patẹ́wọ́.

“Háà! Ìyàwó wa, o káre! Àfi bíi pé òní ni wọ́n rọ ọ́!”

Inú Àwẹ̀ró dùn dé ẹ̀yìn. Ó sáré wọlé, ó kúnlẹ̀, ó fi ẹ̀gbà lé ìyá lọ́wọ́. Ìyá gbà á tẹ̀ríntẹ̀rín. Ìka rẹ̀ yí i ká, ó tún yí i ká. Ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu.

“Èyí kì í ṣe tèmi. Ẹ̀gbà ta ni?”

“Tiyín ni, Ìyá mi.”

“Àwọn ẹyẹ mi dà?”

Ìgbà náà ni Àwẹ̀ró tó wò ó dáadáa. Fàdákà náà mọ́, ṣùgbọ́n ó ń dán bọ̀rọ́ yí ká. Kò sí ìyẹ́, kò sí àgógó ẹyẹ.

“Yéè! Mo gbé! Eèpín ni mo fi ha á, Ìyá mi. Ẹ ṣàánú mi, ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ fún alágbẹ̀dẹ, kó tún ẹyẹ mìíràn fín sí i.”

“Ẹyẹ tirẹ̀ nìyẹn yóò jẹ́. Ọwọ́ tó fín tèmi ti wà nínú ilẹ̀.” Ìyá kò pariwo. Omi kàn ń dà lójú rẹ̀ ni. “Ọkọ mi lo fọ̀ dànù yìí, Àwẹ̀ró.”

Àwẹ̀ró kò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Ó ń retí kí wọ́n ní kó kẹ́rù rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyá pè é, ó sì na ẹ̀gbà kejì sí i. Ọmọbìnrin náà fà sẹ́yìn.

“Ẹ má fún mi, Ìyá mi! Ọwọ́ mi kò dára.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ọwọ́ rẹ kò ṣe nǹkan kan, ìkánjú rẹ ló ṣe é. Gbé omi wá, kí o jókòó tì mí.”

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ẹ̀gbà náà lójoojúmọ́. Ìyá gbé ọwọ́ lé ọwọ́ ìyàwó, bó bá ti fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jù, ìyá á gbá a pẹ́pẹ́ lọ́wọ́, “Ẹ̀sọ̀ o, kì í ṣe igbá baba rẹ.” Àwẹ̀ró á rẹ́rìn-ín láàárín ẹkún. Díẹ̀díẹ̀ ni dúdú náà ń ká kúrò. Ìyẹ́ kan kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà orí ẹyẹ, títí àdàbà méjèèjì fi hàn kedere.

Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ìyá wọ ẹ̀gbà kan sí ọwọ́ ọ̀tún, ó wọ ìkejì sí ọwọ́ òsì. Àwọn èrò ń béèrè ìdí tí ọ̀kan fi ní ẹyẹ tí ìkejì kò fi ní. Ìyá gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè. “Èyí la fẹ̀sọ̀ mú.” Ó gbé ti òsì. “Èyí la fagbára mú.”

Ẹnì kan bi í pé, “Ọwọ́ ta ló bà á jẹ́, Ìyá?”

Àwẹ̀ró tẹrí ba. Ìyá wá ọwọ́ rẹ̀ kàn, ó dì í mú.

“Ọwọ́ wa ni,” ni ìyá wí.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun a fagbára mú ní í le koko.