Ọlọ Tó Wà Lára Afárá Òkè-Adágún

"A kì í yọ òkúta afárá fi ṣe ọlọ." Ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwa ará òkè rí, àbí? Ṣé ẹ wá mọ ibi tó ti ṣẹ̀? Èmi ni kí ẹ bi, ẹsẹ̀ mi ti tẹ òkúta náà láìmọye ìgbà.

Abúlé kékeré ni Òkè-Adágún, ilé mẹ́tàdínlógún péré létí adágún kan lórí òkè. Odò tó ń ti inú adágún náà ṣàn wálẹ̀ dábùú ọ̀nà wa, afárá òkúta àtijọ́ la sì fi ń sọdá. Wọn ò fi nǹkan kan lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Òkúta kan ló ń di èkejì mú.

Obìnrin kan wà níbẹ̀, Ọmọ́tádé, tó mọ ọbẹ̀ sè dójú àmì. Ọlọ rẹ̀ fọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọjà tí yóò ti ra òmíràn sì jìn. Ó bá lọ yọ òkúta pẹlẹbẹ kan nídìí afárá. Bàbá Ajíbádé, àgbà abúlé, ká a mọ́ ibẹ̀.

"Ọmọ́tádé, dá a padà. Òkúta yẹn ń gbé ẹrù."

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹyọ kan péré nínú ọ̀ọ́dúnrún? Afárá ò tilẹ̀ mì!"

Lóòótọ́, kò mì. Ata Ọmọ́tádé sì ń kúnná! Ṣùgbọ́n òjò dé, adágún kún àkúnya, omi gba ihò yẹn wọlé, afárá wó lulẹ̀ gbìì.

Lọ́jọ́ kejì ni Mojíṣọlá, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọmọ́tádé bí, tó lọ́kọ lódìkejì odò, bí àkọ́bí. Ìyá tó yẹ kó wẹ ọmọ tuntun ò rọ́nà lọ. Nígbà tó di ọjọ́ kẹjọ, wọ́n gbé ọmọ wá sétí omi kí ìyá ìyá rẹ̀ lè rí i. Ọmọ́tádé pariwo orúkọ tí òun fẹ́ sọ ọ́, ariwo omi bò ó mọ́lẹ̀. Ẹkún tó sun lọ́jọ́ náà, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká sọ ọ́.

Nígbà tí omi fà, gbogbo abúlé jáde láti tún afárá mọ. Ọmọ́tádé ti ru ọlọ rẹ̀ débẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dé, ata ṣì wà lójú ọlọ náà. Bàbá Ajíbádé ò bá a wí. Ó ní kí wọ́n tẹ́ ẹ sójú afárá, kí gbogbo ẹsẹ̀ lè mọ̀ ọ́n. Ó ṣì wà níbẹ̀ dòní, ó jinnú díẹ̀ láàárín.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá fẹ́ mú nínú ohun tó gbé gbogbo wa ró, tó ní díẹ̀ lòun mú, àwọn àgbà a wò ó lójú, wọn a ní: "A kì í yọ òkúta afárá fi ṣe ọlọ." Bó bá ní ọmọ lódìkejì, yóò dá a padà.