Ìdí Tí Labalábá Fi Ń Dọ̀bálẹ̀ Fún Gbogbo Òdòdó

Nígbà láéláé, nígbà tí igbó kò tíì ní ẹ̀bùrú, tààrà ni Labalábá ń fò. Bó bá gbéra nílé, bí ọfà tó kúrò lára ọrun ni. Kì í yà sọ́tùn-ún, kì í yà sósì.

Ṣùgbọ́n ojú máa ń tì í. Bí àgbà bá ń bá a sọ̀rọ̀, ilẹ̀ ni yóò máa wò. Létí odò ló ti pàdé Àwẹ̀ró, ọmọbìnrin kan tó ń gbé inú òdòdó. Àwọn méjèèjì jọ ń wo omi títí ìfẹ́ fi wọ àárín wọn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Oyin ni alárenà wọn. Nígbà tí ọjọ́ ìgbéyàwó pé, ó pe Labalábá.

“Àbúrò, gbọ́ mi dáadáa. Inú pápá ni ilé àna rẹ wà, gbogbo ilé ibẹ̀ ló sì jọra. Láti ẹnu ọ̀nà rẹ, máa fò lọ tààrà. Ilé tó bá kọ́kọ́ kò ọ́ lójú ni. Dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Má yà o! Ẹni tó bá yà kò ní mọ ilé mọ́. Bí oòrùn bá sì wọ̀, wọ́n á tilẹ̀kùn.”

Labalábá wọ aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀ aláràbarà. Ó bu àtíkè lé e títí tí àtíkè fi ń jábọ́. Ó gbéra.

Kò tíì jìnnà tí Ìgbín fi pè é.

“Ọkọ ìyàwó! O mà dára o! Jọ̀ọ́, yà sọ́dọ̀ ìyàwó mi lẹ́yìn ọ̀pẹ yẹn. Ní kó má fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ o. Ẹ̀mí mi ni!”

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ilé àna ni mò ń lọ.”

“Ta ló ń lé ọ? Èmi tí mo ti kúrò nílé láti àná, ibi tí mo dé nìyí. Ṣé mo pariwo?”

Ojú ti Labalábá. Ó yà.

Ìyàwó Ìgbín fèsì pé, “Sọ fún un pé kò sí iyọ̀, kò sì sí ọbẹ̀.”

Ó ń gbé èsì yẹn padà ni Ọ̀pọ̀lọ́ dá a dúró. “Ọmọ dáadáa, bá mi gorí igi yẹn, kí o wò ó bóyá òjò ń bọ̀. Ara mi ti gbẹ.”

Lórí igi náà, Alágẹmọ ló wà níbẹ̀. “Ìwọ ọmọ yìí, àwọ̀ wo ni mo wọ̀ lónìí?”

“Àwọ̀ ewé ni, bàbá.”

“Tún un wò.”

“Ó… ó ti di àwọ̀ èèpo igi.”

“Wò ó! Ọmọ tí kì í dúró sójú ọ̀rọ̀ kan! Àwọn wo ló fẹ́ fún ọ níyàwó?”

Nígbà tí Labalábá fi máa kúrò níbẹ̀, oòrùn ti ń wọ̀. Ó fẹ́ fò tààrà, ṣùgbọ́n tààrà láti ibo? Ó ya ibí, ó ya ọ̀hún. Nígbà tó dé pápá, gbogbo òdòdó ti tilẹ̀kùn pinpin. Ó pe Àwẹ̀ró, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kò gbọ́ ọ.

Ilẹ̀ mọ́, àwọn òdòdó ṣílẹ̀kùn, Oyin sì dé.

“Ẹ̀gbọ́n, ilé wo ni?”

“N ò ní sọ! O ti dójú tì mí.” Oyin kọjá lọ, ó ń kùn. Títí dòní, kò tíì kùn tán.

Labalábá bà lé òdòdó àkọ́kọ́. Ó tẹ́ aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀ sílẹ̀ pẹrẹsẹ, ó dọ̀bálẹ̀.

“Ta nìyẹn?” ni ìyá arúgbó kan wí láti inú ilé. “A ò lọ́mọbìnrin níbí o.”

Ó dìde, ó lọ sí èkejì.

“Dìde, ọmọ mi. Àwọn tiwa ti lọ́kọ.”

Ó tún dìde.

Láti ọjọ́ náà ni labalábá kì í ti í fò tààrà mọ́. Bí ẹ bá rí i lórí òdòdó, tó tẹ́ ìyẹ́ sílẹ̀, tó sì tún dìde, àna ló ń kí. Aṣọ ìgbéyàwó ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Bí ẹ bá mú un, àtíkè ọjọ́ náà ni yóò kù sí yín lọ́wọ́.

Ẹ fi í sílẹ̀ kó máa lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sì rán an níṣẹ́.