Bí Ẹyin Àparò Ṣe Le

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!
Ààlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà sínú ìtẹ́ Àparò.

Ẹ̀yin ọmọ, àgbàdo nìkan ni Àparò ń jẹ. Ó yé ẹyin àkọ́kọ́, ẹyin náà rọ̀ bí ẹ̀kọ. Bó ṣe sàba lé e, pọ̀ọ́! Ó fọ́. Ó yé èkejì, òun náà fọ́. Nígbà tó mọ̀ pé ẹ̀kẹta ń bọ̀, ó bú sẹ́kún, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é!

Ẹyin mi rọ̀ o,
Kíndìn-kíndìn!
Ta ni yóò bá mi mú un le?
Kíndìn-kíndìn!

Ìgbín gbọ́, ó wọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Àgbàdo dára, àmọ́ kò tó. Ohun tó ń mú ẹyin le wà nínú ìkarahun. Ìkarahun ìyá mi tó ti kú ló wà nídìí igi yẹn. Lọ ṣá a jẹ."

Àparò fà sẹ́yìn. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n jẹ ilé ìyá yín ni?"

"Ìyá mi ti lọ. Jẹ ẹ́, kí ọmọ tìrẹ lè dé."

Àparò ṣá a jẹ tọwọ̀tọwọ̀. Ẹ wá wo ẹyin kẹta! Ó fẹnu kàn án: kó! kó! kó! Ó le koko! Ó sàba títí, ọmọ yọ, ó ń sáré kiri. Ohun kan náà, ẹ̀yin ọmọ, ló ń mú egungun àti eyín yín le!

Ìgbín na ìwo rẹ̀ kan èèpo ẹyin tó ṣẹ́kù. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. "Àparò," ló wí, "ìyá mi ti di ìyá àgbà!"

Ibẹ̀ ni ààlọ́ mi wọ̀ sí.