Onígbàjámọ̀ tí Kò Fi Ikọ́ Rẹ̀ Pa Mọ́

Ọkùnrin kan wà, onígbàjámọ̀ ni. Òun ló fá orí ọ̀pọ̀ nínú wa nígbà tí a wà lọ́mọ tuntun. Nígbà tó darúgbó, oríkèé ọwọ́ rẹ̀ wú, ó ń gbóná, kò lè di abẹ mú mọ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní, "Bàbá, ẹ sinmi, ọjọ́ orí ni." Ọjọ́ orí kọ́ o!

Dókítà là á yé e pé àwọn tó ń ṣọ́ inú ara rẹ̀ bí ọlọ́dẹ ti ń ṣọ́ àdúgbò ló ń na onílé dípò olè. Abẹ́rẹ́ kan wà, tí wọ́n ń gún lóòrèkóòrè, tó lè dá wọn lọ́wọ́ kọ́, àgbàlagbà náà sì lè gbà á. "Ṣùgbọ́n bí ikọ́ tàbí ibà bá dé, Bàbá, ẹ sọ fún wa ká tó gún yín. Àwọn ọlọ́dẹ yín ò ní yára lé àìsàn bíi ti tẹ́lẹ̀."

Bàbá gbà á. Oríkèé rọ̀, abẹ padà sọ́wọ́ rẹ̀. Inú mi dùn lọ́jọ́ tí mo rí i tó ń pọ́n ọn.

Ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá bímọ. Bàbá ní dandan ni kí òun fá orí ọmọ náà lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ bọ́ sí ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, ikọ́ sì mú un. Ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá Àsàbí, ẹ má dárúkọ ikọ́ lọ́dọ̀ dókítà o. Wọ́n á dá yín padà, ọwọ́ yín á sì tún le."

Ní ọsibítù, dókítà ń kí àwọn àgbà lórí bẹ́ǹṣì: "Ṣé ara le?" Gbogbo wọn ní, "A dúpẹ́." Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn. Ó wá kan onígbàjámọ̀. Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Dókítà, bó bá jẹ́ ìkíni, a dúpẹ́. Bó bá jẹ́ ìbéèrè, mò ń wúkọ́, ara mi sì ń gbóná láti àná."

Wọn ò gún un. Àyà rẹ̀ ni wọ́n tọ́jú, dókítà sì ní ká ní wọ́n gún un ni, ikọ́ náà ì bá gbé e lọ. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ọwọ́ rẹ̀ ti tún le, kò lè di abẹ mú, Àsàbí ọmọ rẹ̀ ló fá orí ọmọ tuntun. Ìyàwó rẹ̀ ń sunkún. Bàbá ní, "Irun á tún hù."

Ó sì hù. Nígbà yẹn ara Bàbá ti yá, ó ti ń gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ padà. Òun fúnra rẹ̀ ló fá a, ọmọ náà sùn lọ lábẹ́ abẹ. Mo yin ọkùnrin náà ju jagunjagun lọ.

Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ẹ̀yin náà, bàbá mi, mo ti ń gbọ́ ikọ́ yín láti òwúrọ̀, ọ̀la lẹ sì ń lọ gba irú abẹ́rẹ́ yẹn. Bí dókítà bá ní, "Ṣé ara le?", kí lẹ máa sọ?