Pẹ́ńtà Tí Kì Í Kun Ilé Tó Ń Jò

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ pé ilé kíkùn ni iṣẹ́ rẹ̀. Pẹ́ńtà ni tọmọdé tàgbà ń pè é, débi pé bí o bá béèrè orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, wàá pẹ́ kí o tó rí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ṣíjúwadé, jókòó dáadáa. Na ẹsẹ̀ rẹ síwájú kí ara tù ọ́. Ìtàn náà kò gùn, ṣùgbọ́n má ṣe máa wo aago bí mo bá ń sọ ọ́.

Pẹ́ńtà yìí mọ iṣẹ́. Bó bá kun ògiri, o kò ní rí ibi tí búrọ́ọ̀ṣì gbà kọjá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló sọ ọ́ di olókìkí, agídí rẹ̀ ni. Bí wọ́n bá pè é wá kun ilé, kò ní kọ́kọ́ béèrè irú ọ̀dà tí wọ́n fẹ́. Orí àjà ni yóò kọ́kọ́ gùn. Á máa rá kiri lábẹ́ páànù, á máa wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń yọjú, á fọwọ́ kan igi òrùlé bóyá ó tutù. Bó bá rí ihò, á sọ̀ kalẹ̀, á gbọn eruku ara rẹ̀ nù, á ní, "Ẹ lọ pe káfíńtà. Bó bá tún òrùlé yín ṣe tán, ẹ wá pè mí."

Àwọn onílé a máa bẹ̀ ẹ́. "Pẹ́ńtà, ṣáà bá wa kùn ún, àlejò ń bọ̀." Á ní rárá. "Ọ̀dà kì í dí ihò. Bí mo bá kùn ún lónìí, á dán. Bí òjò bá rọ̀, àbàwọ́n á yọ jáde, èmi lẹ ó sì máa bú." Àwọn mìíràn á bínú, wọ́n á pe ẹlòmíràn. Lẹ́yìn òjò, wọ́n á tún padà wá bá a, ojú á máa tì wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe di ohun tí gbogbo ìlú ń fi ṣe àpárá. Bí wọ́n bá rí ẹni tó ń fi aṣọ tuntun bo ìyà mọ́lẹ̀, wọ́n á ní, "Pẹ́ńtà ní ọ̀dà kì í dí ihò o!"

Ó tún ní ìwà kan. Kì í wọ bàtà gun àkàbà. Ó ní ẹsẹ̀ ni ojú ẹni tó wà lókè, pé ẹni tó bá wọ bàtà gun àkàbà ti di ojú ara rẹ̀. Ẹsẹ̀ lásán ló fi ń gùn ún. Á fi àtẹ́lẹsẹ̀ wá igi tó kàn, á tẹ̀ ẹ́ wò, kó tó gbé ara lé e. Kò já bọ́ rí.

Nígbà tó yá, àtọ̀gbẹ mú un. Ìtọ̀ ṣúgà ni ìyàwó rẹ̀ ń pè é. Ó ń mu omi ṣáá, ó ń tọ̀ ṣáá, ara rẹ̀ sì ń gbẹ. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n fún un ní oògùn, wọ́n sọ oúnjẹ tó yẹ kó dínkù, wọ́n ní kó máa wá kí wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ó gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu, ara rẹ̀ sì bọ̀ sípò. Ṣùgbọ́n o mọ ọmọ aráyé. Bí ara bá ti yá tán, a ó máa rò pé àìsàn ti kó ẹrù rẹ̀ lọ. Pẹ́ńtà kò lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò mọ́, búrẹ́dì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò sì tún padà di ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ọdún ń gorí ọdún, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jó o. Nígbà mìíràn á dà bí ẹni pé wọ́n fi ata pa á, nígbà mìíràn á máa ta á bí ẹni pé èèrà ń rìn lábẹ́ awọ. Kò lọ sọ fún dókítà, nítorí ó mọ̀ pé ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi í ni ibi tó ti wà látìgbà yẹn. Ojú ń tì í.

Àsìkò yẹn ni ọkùnrin kan wá sí ìpàdé àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, ó kó ìgò fítámì dání. Ẹnu rẹ̀ dùn. Ó ní ohun tó wà nínú ìgò náà ń fún iṣan lókun, ó ń tún ojú ṣe, ó ń fọ kíndìnrín, ó sì ń lé àtọ̀gbẹ lọ tòun tọmọ tó bí. Àtọ̀gbẹ a sì máa bímọ lóòótọ́: ojú tí kò ríran mọ́, kíndìnrín tó dáṣẹ́ sílẹ̀, egbò ẹsẹ̀ tí kò fẹ́ jinná. Pẹ́ńtà gbọ́ ọ̀rọ̀ iṣan, ó rántí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ra ìgò ńlá. Nígbà tó délé, ó kó oògùn ọsibítù sí orí kọ́bọ́ọ̀dù, ó ní òun kò lè máa da oògùn méjì pọ̀ sínú ikùn kan.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá àwọn ọmọ, a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Èyí tí dókítà fún yín ńkọ́?"

Ó ní, "Fítámì ni, ìwọ obìnrin yìí, kì í ṣe májèlé. Kí ni fítámì lè fi mí ṣe?"

Òótọ́ ló sọ níbẹ̀ yẹn. Fítámì náà kò ṣe é ní nǹkan kan. Oògùn tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, tí kò lò mọ́, àìlò rẹ̀ ló ń ṣe é léṣe.

Ó lo fítámì náà títí, ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́. Jíjó yẹn dínkù, títa yẹn dínkù, ó wá lọ pátápátá. Háà, inú Pẹ́ńtà dùn! Ó ń fò kiri àárín ilé bí ọmọdé. Nígbà tí wọ́n tún ṣe ìpàdé, ó dìde, ó gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ ọkùnrin onífítámì, ó gbé ẹsẹ̀ lé orí àga, ó ní, "Ẹ wo ẹsẹ̀ tó ń jó mi tẹ́lẹ̀! Ẹni tó bá ní abẹ́rẹ́ kó wá fi gún un, mi ò ní ṣẹ́jú!" Ẹnì kan tiẹ̀ fi gún un lóòótọ́, kò sì ṣẹ́jú. Gbogbo ilé hó yèè, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹsẹ̀ tó ń kú lọ ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún, ẹnikẹ́ni kò sì mọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ra ìgò tiwọn kí wọ́n tó lọ.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ìyá àgbà kan pè é pé kó wá kun ilé òun. Ọmọbìnrin ìyá náà ń bọ̀ láti òkè òkun, kò sì tíì wálé látìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú. Pẹ́ńtà gun àjà bí ìṣe rẹ̀, ó rí ihò, ó ní kí wọ́n pe káfíńtà. Ìyá náà rojọ́ pé ọmọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Ó ní, "Ìyá, ẹ má bínú, ọ̀dà kì í dí ihò." Káfíńtà wá, ó tún òrùlé ṣe, ó palẹ̀ irinṣẹ́ rẹ̀ mọ́, ó lọ. Pẹ́ńtà wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Funfun ni ìyá náà fẹ́, funfun nìkan, nínú àti lóde.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó ti ń gùn, ó ti ń sọ̀, ó ń kọrin lábẹ́ imú, bí ìyá náà ṣe figbe bọ ẹnu.

"Pẹ́ńtà! Ta ló ní kí o gbé ọ̀dà pupa wọ ilé mi?"

"Ìyá, mi ò gbé ọ̀dà pupa kankan wá o. Funfun náà lẹ ní kí n rà."

"Kí wá lèyí?"

Ó bojú wo ilẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ pupa wà lórí sìmẹ́ńtì tí ìyá náà ti fọ̀ mọ́, ó wá láti pálọ̀, ó gba ẹnu ọ̀nà yàrá kọjá. Inú bí Pẹ́ńtà. Ó ní ta ni aláìmọ̀kan tó ń ba iṣẹ́ òun jẹ́ báyìí. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń tọ ojú ẹsẹ̀ náà lọ kó lè mú ọ̀daràn. Ó tọ̀ ọ́ wọ yàrá, ó tọ̀ ọ́ jáde, ó tọ̀ ọ́ padà sí ìdí àkàbà. Pupa wà lára igi àkàbà náà, láti ìsàlẹ̀ títí dókè. Ó wẹ̀yìn, ó rí i pé ibi tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà náà ti ní òmíràn.

Ó di àkàbà mú, ó gbé ẹsẹ̀ sókè. Ìṣó páànù kan ti wọ inú àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ó wọ̀ ọ́ tán, orí rẹ̀ nìkan ló kù níta bíi bọ́tìnnì. Káfíńtà ló gbàgbé rẹ̀ sílẹ̀. Kò mọ ìgbà tó tẹ̀ ẹ́. Ó ti fi ìṣó náà gun àkàbà, ó ti fi sọ̀, ó ti fi kọrin.

Ìyá náà figbe ta. Pẹ́ńtà kò kígbe, ìyẹn gan-an ló sì dẹ́rù ba òun fúnra rẹ̀. Ó ń wo irin nínú ẹran ara rẹ̀, kò sì dùn ún. Ó rántí abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi gún un níbi ìpàdé. Ẹni tó jẹ́ pé orí àkàbà ló ti ń jẹun, bí wọ́n bá gé ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ni yóò ku fún un láyé?

Ìyá náà fà á jókòó, ó tú gèlè orí rẹ̀, ó fi di ẹsẹ̀ náà. Ó ní, "Ṣé o ní àtọ̀gbẹ ni?"

"Mo ní i, mà. Ṣùgbọ́n mò ń lo fítámì."

"Mo gbọ́. Oògùn àtọ̀gbẹ ńkọ́?"

"Mo gbé e sílẹ̀, mà. Ẹsẹ̀ ọ̀hún ti dákẹ́, ni mo ṣe..."

Ìyá àgbà gbójú sókè, ó wo àjà ilé rẹ̀. "Ìwọ tí o jẹ́ kí n máa sáré wá káfíńtà kiri, tí o kọ̀ tí o ò fi búrọ́ọ̀ṣì kan ògiri mi. Kí lo sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn?"

"Mo ní... mo ní ọ̀dà kì í dí..." Pẹ́ńtà bú sẹ́kún, àgbàlagbà ọkùnrin, ó ń sunkún lórí garawa ọ̀dà.

Wọ́n gbé e dé ọsibítù. Wọ́n yọ ìṣó náà, wọ́n fọ ojú ọgbẹ́, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ga kọjá sísọ. Dókítà, ọmọbìnrin tí kò dàgbà ju àkọ́bí rẹ̀ lọ, sọ fún un pé, "Bàbá, ẹsẹ̀ yín kò sàn nígbà tó dákẹ́. Ẹnu rẹ̀ ni ṣúgà gbà, ó ti ń pa iṣan tó ń jẹ́ kó mọ ìrora. Nígbà tó ń jó yín, igbe ló ń ké sí yín."

Ó rò pé dókítà máa ju ìgò fítámì dànù. Kò jù ú. Ó ka ara ìgò náà, ó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó ní oògùn àtọ̀gbẹ irú èyí tó ń lò tẹ́lẹ̀ lè mú kí irú fítámì kan dínkù lára ẹni tó bá ti lò ó pẹ́, pé tirẹ̀ sì ti dínkù, èyí tó wà nínú ìgò náà kò sì tó. Ó ní òun máa fún un ní ìyẹn, ní ìwọ̀n tó yẹ, kó máa lò ó pẹ̀lú oògùn rẹ̀. "Fítámì kò burú, bàbá. Iṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀ lẹ gbé fún un." Pẹ́ńtà mi orí lórí ibùsùn. Ó ní, "Ó yé mi. Òrùlé ná, kí ọ̀dà tó dé."

Wọn kò gé ẹsẹ̀ náà. Ó pẹ́ kó tó jinná, ó sì ná an ní sùúrù, ṣùgbọ́n ó jinná. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó ń wọ bàtà gun àkàbà báyìí. Ìyàwó rẹ̀ sì ti sọ ọ́ di àṣà, pé kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni yóò ti máa tan tọ́ọ̀ṣì sí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, á wo àárín ọmọ ìka, á wo gìgísẹ̀, bí ọkọ rẹ̀ ṣe máa ń wo àjà onílé. Nígbà tí wọ́n tún ṣe ìpàdé àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, ó gba gbohùngbohùn, ó bọ́ bàtà, ó fi àpá náà hàn wọ́n. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

Ìtàn parí, Ṣíjúwadé. Má rẹ́rìn-ín sí Pẹ́ńtà, ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Mo rí ìgò tó wà nínú àpò rẹ. Mi ò ní kí o dà á nù, gbé e lọ fi han dókítà. Oògùn àtọ̀gbẹ tí o sọ fún mi pé o kó sẹ́yìn àpótí ni mo fẹ́ kí o lọ mú jáde, kí o sì lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò. Nígbà tí mo kí ọ, o ní ẹsẹ̀ kò jó ọ mọ́, pé ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ọpẹ́ ni lóòótọ́, nítorí ẹsẹ̀ méjèèjì ṣì wà níbẹ̀.

Ó yá, wò wọ́n. Wo ẹsẹ̀ tí mo ní kí o nà síwájú láti ìbẹ̀rẹ̀. Sálúbàtà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ìkejì bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ ní ẹnu géètì nígbà tí o ń wọlé bọ̀. O fi ẹsẹ̀ lásán rìn lórí òkúta wẹ́wẹ́ àgbàlá mi títí dé orí àga yìí, o sì ń bá mi sọ̀rọ̀ ọjà. Jókòó síbẹ̀, má dìde. Màá lọ mú un wá fún ọ, a ó wo àtẹ́lẹsẹ̀ yẹn, a ó sì jọ gba ọ̀nà ọsibítù lọ.