Odòlẹ́yẹ àti Igbá Òkúta Òṣùpá

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Mo ní ààlọ́ o! Àbí ẹja ti gbé ohùn yín mì ni?

Ààlọ̀!

Ẹ̀n-ẹ́n, ó ti dára báyìí. Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀ bí ẹyẹ odò, kò bà lórí igi, kò bà lórí òkúta. Àlọ́ mi dá lórí Odòlẹ́yẹ ọmọ Àlàní, apẹja ìlú Ìsàlẹ̀-Ibú, àti Ológbò onírungbọ̀n ṣáńṣán.

Láyé àtijọ́, nígbà tí Ológbò ṣì mọ omi í wẹ̀ bí ọmọ ẹja (ẹ má rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ló rí), odò ńlá kan ń ṣàn lẹ́yìn ìlú Ìsàlẹ̀-Ibú. Bí òjò bá rọ̀, odò náà á kún, á kún, á kún, á ya wọ inú pápá koríko. Ẹja á bá omi wọlé síbẹ̀, wọ́n á yé ẹyin, wọ́n á jẹ, wọ́n á sanra. Bí òjò àrọ̀kúrò bá ń lọ sópin, omi á máa fà, ẹja á sì fẹ́ padà sódò. Ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Ẹnu Ìṣàn ni wọ́n ń pè é.

Ọjọ́ kan ṣoṣo láàárín ọdún ni ará Ìsàlẹ̀-Ibú ń dẹ ìgèrè sí Ẹnu Ìṣàn. Ẹ mọ ìgèrè, apẹ̀rẹ̀ ẹlẹ́nu tóóró tí ẹja ń wọ̀ tí kò mọ ọ̀nà à jáde. Bí wọ́n bá yá jù, ẹja á ta gìrì, wọ́n á sá padà sínú koríko. Bí wọ́n bá pẹ́ jù, ẹja ti kọjá lọ, ó di àmọ́dún. Ẹja ọjọ́ kan yìí sì ni gbogbo ìlú ń yan, tí wọ́n ń jẹ, tí wọ́n ń tà títí òjò mìíràn á fi dé.

Ta ló ń dá ọjọ́ náà? Ilé Àlàní ni. Nígbà tí omi bá bẹ̀rẹ̀ sí í fà, lálẹ́ tí oṣù tuntun bá lé, Àlàní á sọ òkúta róbótó kan sínú igbá tí ó so kọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Kó! Lálẹ́ kejì, òkúta kejì. Kó! Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe títí òkúta á fi pé méjìdínlọ́gbọ̀n, tí òṣùpá á kú, ọjọ́ ìgèrè nìyẹn. Kò sí ẹlòmíràn tó gbọdọ̀ bojú wo inú igbá náà.

Lọ́dún tí à ń wí yìí, Àlàní ti wọ káà ilẹ̀ lọ. Odòlẹ́yẹ, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, ló jogún ọkọ̀, ló jogún igbá. Àwọn kan ń yínmú, wọ́n ní, "Obìnrin ni yóò wá máa dá ọjọ́ odò fún wa?" Odòlẹ́yẹ ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ó ń ran àwọ̀n rẹ̀, ó ń sọ òkúta rẹ̀, ó ń gbé orí sókè nígbà tó bá ń rìn lọ sétí omi. Ọmọ tí ẹkùn bá bí, ẹkùn ni yóò jọ.

Ṣùgbọ́n ebi ò mọ̀ pé ọjọ́ kò tíì pé. Ẹja yíyan ọdún tó kọjá tán nínú agbọ̀n. Ni Ológbò bá dìde láàárín ìlú lálẹ́ ọjọ́ kan, ó nu irungbọ̀n rẹ̀, ó ní:

"Ẹ̀yin ará Ìsàlẹ̀-Ibú, ṣé òṣùpá ló ń jẹ ẹja ni, àbí àwa? Ẹja ń bẹ lódò, ebi ń pa wá, Odòlẹ́yẹ ń ka òkúta! Èmi ń lọ sójú odò ní tèmi."

Odòlẹ́yẹ ní, "Ológbò, òṣùpá ti kún. Ojú omi mọ́ bí ọ̀sán. Bí mo ṣe ń rí ọ yìí ni ẹja ń rí okùn àwọ̀n rẹ. Ní sùúrù."

Ológbò ní, "Gbẹ́nu dákẹ́!" Ó ti ọkọ̀ sómi. Odòlẹ́yẹ bá fi orin sí i. Ẹ bá mi gbè é, ẹ má jẹ́ kó ṣubú:

*Ẹja ń wojú òṣùpá o*
Ẹ fàwọ̀n kọ́!
*Òṣùpá ń wojú ẹja*
Ẹ fàwọ̀n kọ́!
*Ọjọ́ ń bọ̀ tí yóò ṣú dùdù*
Ẹ fàwọ̀n kọ́!
*Àgbà odò kì í kánjú*
Ẹ fàwọ̀n kọ́!

Ológbò da àwọ̀n, fàì! Ẹja rí i, wọ́n yà sọ́tùn-ún. Ó tún da àwọ̀n, fàì! Ẹja rí i, wọ́n yà sósì. Nígbà tó máa fi dé ilé, ewé òṣíbàtà mẹ́ta àti ọ̀pọ̀lọ́ kan ló rí mú bọ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ náà sì ń bú u.

Ọjọ́ kẹta, òjò ńlá rọ̀ lókè odò, wàràwàrà. Omi pọ́n bí amọ̀. Ológbò tún gbé àwọ̀n.

Odòlẹ́yẹ ní, "Ológbò, odò ń ru igi. Jẹ́ kí omi ó tòrò ná."

Ológbò ní, "Gbẹ́nu dákẹ́!"

*Odò ń bínú, odò ń rugi o*
Ẹ fàwọ̀n kọ́!
*Àgbà odò kì í kánjú*
Ẹ fàwọ̀n kọ́!

Ológbò da àwọ̀n, fàì! Ìtì igi ìrókò kan ń bọ̀ láti òkè, ó gbá àwọ̀n mú, fààààà! Ó ya á sí méjì. Ìdajì bá igi lọ, ìdajì kù lọ́wọ́ Ológbò.

Ọjọ́ kẹta sí ìyẹn, ooru mú, ewé kan ò mì, ojú ọ̀run dúdú lápá ìlà oòrùn. Ológbò lọ tọrọ àwọ̀n aláwọ̀n.

Odòlẹ́yẹ ní, "Ológbò, ìjì ń bọ̀. Nínú irú ooru yìí, ìsàlẹ̀ ibú ni ẹja ń sá sí. Má lọ."

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí yóò sọ.

"Gbẹ́nu dákẹ́!"

*Afẹ́fẹ́ dákẹ́, kò sùn o*
Ẹ fàwọ̀n kọ́!
*Àgbà odò kì í kánjú*
Ẹ fàwọ̀n kọ́!

Ó dé àárín odò, ìjì dé. Hùùùù! Ọkọ̀ fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì, ó dojú dé, gbàmù! Bí kì í bá ṣe pé Ológbò mọ omi í wẹ̀, à bá máa ṣèdárò rẹ̀ lónìí.

Ẹni tí ojú tì nígbà mẹ́ta, ẹ̀sùn ló kù tí yóò máa wá. Ológbò gba ààfin Baálẹ̀ lọ pẹ̀lú omi lára. Ó ní, "Baba, Odòlẹ́yẹ ló fi orin di odò. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, irú èmi yìí kọ́ ni yóò lọ lẹ́ẹ̀mẹta tí yóò bọ̀ lọ́wọ́ òfo."

Baálẹ̀ ránṣẹ́ pe Odòlẹ́yẹ. Ó wò ó títí, ó ní, "Ọmọ Àlàní, ọ̀rọ̀ ìlú ti sú mi. Dá ọjọ́ rẹ. Bí ọjọ́ náà bá pé tí Ẹnu Ìṣàn fún wa lẹ́ja, ìwọ lo jàre. Bí kò bá fún wa, ọkọ̀ bàbá rẹ àti igbá rẹ di ti Ológbò, ìwọ á sì kúrò létí odò lọ roko."

Odòlẹ́yẹ kúnlẹ̀. Ó ní, "Mo gbà, Baba. Ọjọ́ tí òṣùpá bá kú ni."

Kí ni Ológbò ṣe? Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, nígbà tí Odòlẹ́yẹ lọ rẹ ìgèrè sómi, Ológbò yọ́ dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, yọ́, yọ́, yọ́. Ó na ọwọ́ sínú igbá, ó mú òkúta kan, ó sá lọ. Lọ́jọ́ kejì, ó tún yọ́ dé, yọ́, yọ́, yọ́, ó mú kan. Lọ́jọ́ kẹta, ó tún mú kan, ó fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta há ẹ̀rẹ̀kẹ́ kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i. Ó ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ irungbọ̀n. Ó ní, "Ó di ìgbà tí ẹja bá ti kọjá lọ tán kó tó mọ̀ pé ọjọ́ ti pé." Bí a bá ń yọ́lẹ̀ dà, ohun burúkú a máa yọ́ni í ṣe, ṣùgbọ́n ìyẹn kò tíì yé Ológbò.

Nígbà tó yá, ní òwúrọ̀ kùtù ọjọ́ kan, kí oòrùn tó là, Odòlẹ́yẹ jáde bọ́ ojú rẹ̀. Ó gbójú sókè lápá ìlà oòrùn, ó rí òṣùpá. Òṣùpá tín-ín-rín, bí èékánná tí wọ́n gé sọnù. Ó dúró gbagidi. Ó sáré lọ sọ́dọ̀ igbá, ó da òkúta sílẹ̀, ó kà á. Mẹ́rìnlélógún. Ó tún un kà. Mẹ́rìnlélógún.

Ìyá rẹ̀ jáde bá a. "Odòlẹ́yẹ, kí ló dé?"

"Ìyá mi, igbá ní ó ku ọjọ́ mẹ́rin. Òṣùpá ní ọ̀la ni."

Ìyá rẹ̀ di orí mú. "Igbá bàbá rẹ kò parọ́ rí, ọmọ mi. Bí o bá kọ ọ̀rọ̀ igbá sílẹ̀ tí ẹja kò wá, a ti di ẹni ẹ̀tẹ́."

Odòlẹ́yẹ kó òkúta padà sínú igbá. Ó sọ̀kalẹ̀ lọ sétí odò, ó wọ omi dé orúnkún. Ó wo ìsàlẹ̀, ó rí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Omi ti tòrò. Ó wo ọ̀pá tí ó rì mọ́ etí odò, omi ti fà kúrò lára rẹ̀ tó ìbú ọwọ́ méjì. Ó wo pápá ní apá Ẹnu Ìṣàn. Afẹ́fẹ́ kò fẹ́, síbẹ̀ koríko ń mì, jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́, nítorí àwọn tó ń rìn nísàlẹ̀ rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó bú sẹ́rìn-ín lóun nìkan.

Ó padà dé, ó ní, "Ìyá mi, mo mọ òṣùpá kí bàbá mi tó gbé òkúta lé mi lọ́wọ́. Ọ̀la ni."

Ó lọ bá Baálẹ̀ níwájú gbogbo ìlú. "Baba, ọ̀la ni, kí ilẹ̀ tó mọ́."

Ológbò fò sókè. "Irọ́ ni! Báwo ni yóò ṣe jẹ́ ọ̀la? Òkúta mẹ́rìnlélógún péré ló wà nínú igbá!"

Baálẹ̀ yí ojú sí i. "Ológbò, ta ló fi inú igbá hàn ọ́?"

Ológbò ń fi irungbọ̀n gbá afẹ́fẹ́. "Mo... mo kàn fojú inú wò ó ni, Baba."

Baálẹ̀ ní, "Ó dára. Odò ni yóò dá ẹjọ́ yín."

Nígbà tí ọjọ́ náà pé, òṣùpá ti kú, ilẹ̀ ṣú dùdù. Gbogbo ìlú kó ìgèrè lọ sí Ẹnu Ìṣàn. Wọ́n dẹ ẹ́ kalẹ̀, wọ́n jókòó. Kò sí ohun kan. Ọmọdé sín, wọ́n bò ó lẹ́nu. Kò sí ohun kan. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í wo Odòlẹ́yẹ láti orí dé ẹsẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ wà lára ọkọ̀ bàbá rẹ̀, ó mú un dání pinpin.

Nígbà náà ni wọ́n gbọ́ ọ. Ṣàṣà. Ṣàṣà. Ṣàṣàṣàṣà! Koríko là sí méjì, omi hó, àrọ̀ ń bọ̀, èpìyà ń bọ̀, èyí tó tóbi bí apá, èyí tó gùn bí itan! Ìgèrè kún, kìtìkìtì! Wọ́n tú u sínú ọkọ̀, wọ́n tún dẹ ẹ́, ó tún kún. Odòlẹ́yẹ dìde sórí ọkọ̀, ó gbé orin, ìlú gbè é:

*Òṣùpá kú, ẹja ò ríran o*
Ẹ dàwọ̀n bodò!
*Omi tòrò, afẹ́fẹ́ sùn*
Ẹ dàwọ̀n bodò!
*Ọmọ Àlàní ló dájọ́*
Ẹ dàwọ̀n bodò!
*Ọjọ́ pé, ọjọ́ ò yẹ̀*
Ẹ dàwọ̀n bodò!

Ojú Ológbò kò lè gbà á. Ó rí ohun dúdú kan tó sanra, tó ń rọra fì lábẹ́ omi. Ó ní, "Wọn kò ní jẹ ẹ́ tán lójú èmi náà!" Ó bẹ́ sódò, jàbù! Ó fi èékánná mẹ́wẹ̀ẹ̀wá di ohun náà mú.

Ẹ̀yin ọmọ, òjìjí ni. Òjìjí, ẹja tí apẹja kan kì í fọwọ́ kàn, torí bí ó bá ta ènìyàn, àfi kí eyín máa lu eyín. Ó ta Ológbò, jììììì! Irun rẹ̀ dìde, ìrù rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ yí po. Ó fò jáde lódò, ó ké "Mìáò!", òkúta mẹ́ta sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀, kó, kó, kó, síwájú Baálẹ̀. Ó sá títí ó fi dé ìdí ààrò ìyá arúgbó kan. Láti ọjọ́ náà, bí ẹ bá wọ́n omi sí Ológbò lára, ẹ wo bó ṣe máa ṣe. Ìdí ààrò ló ń dúró sí, tí ó ń retí egungun ẹja ẹlẹ́ja.

Baálẹ̀ ṣa òkúta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó fi lé Odòlẹ́yẹ lọ́wọ́. Ó ní, "Odòlẹ́yẹ, má bínú sí wa. Bí a bá ń wá Àlàní, ìwọ la ó máa wá." Ìyá rẹ̀ sunkún ayọ̀. Odòlẹ́yẹ náà fẹ́ sunkún, ṣùgbọ́n ẹja ń bẹ nílẹ̀ tí a fẹ́ yan, ó ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó bọ́ sínú omi.

Ìdí àlọ́ mi rèé, ó gúnlẹ̀ sétí omi níbí. Ó kọ́ wa pé kí a ní sùúrù kí àkókò ohun gbogbo tó pé, kí a má sì dá ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ lóró nítorí ariwo ẹni tí kò mọ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ kọ́ iṣẹ́ yín wọ orí. Ológbò lè jí ohun tó wà nínú igbá. Ohun tó wà nínú orí ọmọ Àlàní, ọwọ́ rẹ̀ kò tó o.