Àlàpà Ìyá Àwẹ̀ró

Ẹ súnmọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹni tó wà lẹ́bàá ògiri, kó bọ́ sí àárín ẹní. Ẹni tí oorun ń kùn, kó fi omi bọ́jú. Òwe kan wà lẹ́nu gbogbo yín: Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ṣé ẹ mọ gbòǹgbò rẹ̀? Ẹ ò mọ̀ ọ́n! Orin ni ìyá ìyá mi fi sọ ọ́ fún mi, bí mo sì ṣe gbọ́ ọ ni n ó ṣe sọ ọ́.

Obìnrin kan wà láyé àtijọ́, Àwẹ̀ró lorúkọ rẹ̀. Ìdí-Ìyeyè ni wọ́n ti bí i. Ogun tú ìlú náà ká nígbà tó ṣì kéré, ìyá rẹ̀ sì kú sójú ọ̀nà. Ìyá Ọlọ́ṣẹ, tó ń se ọṣẹ dúdú ní Odò-Òjé, ló rí ọmọ náà, ó gbé e, ó tọ́ ọ, ó kọ́ ọ níṣẹ́. Àwẹ̀ró jẹ, ó yó. Ó wẹ̀, ó mọ́. Kò sẹ́ni tó fìyà jẹ ẹ́.

Ṣùgbọ́n bí ọdún bá dé, agbo ilé kọ̀ọ̀kan ní Odò-Òjé a jáde síwájú ilé wọn, wọn a máa pe orúkọ àwọn tó mọ ilé náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá kan Àwẹ̀ró, wọn a rẹ́rìn-ín sí i, wọn a fún un ní àkàrà: "Àlejò wa, o kú ọdún o." Ó dàgbà títí ewú bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lórí rẹ̀, àlejò náà ni.

Ó wá di pé bó bá ti dijú, ilé ìyá rẹ̀ ló ń rí. Òórùn ìyeyè tó pọ́n a gba gbogbo inú àlá náà. Ìyá rẹ̀ a máa fi ìgbẹ́ màlúù àti ewé tútù rẹ́ ògiri, ògiri a máa dán bí ojú odò láàárọ̀, ìyá a sì máa kọrin wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́:

Ilé tí mo fọwọ́ rẹ́,
Kò ní gbàgbé ọwọ́ mi o.
Òjò a rọ̀, oòrùn a ràn,
Kò ní gbàgbé ọwọ́ mi.

Ó sọ fún Ìyá Ọlọ́ṣẹ pé òun ń lọ sílé.

"Ilé wo?" ni Ìyá Ọlọ́ṣẹ wí. "Àlàpà yẹn? Ejò ló ń jẹ baálé ibẹ̀ báyìí! Kí ni mi ò fún ọ, Àwẹ̀ró?"

"Ìyá mi, gbogbo rẹ̀ lẹ fún mi. Ibi tí èmi náà á ti gba àlejò ló kù."

"Orí òkìtì ikán ni àlejò rẹ á jókòó sí! Máa lọ. Bí aláǹgbá bá lé ọ jáde, o mọ ọ̀nà." Ó ń bú u, ó ń di ẹ̀kọ sínú agbọ̀n fún un.

Àfẹ̀mọ́jú ni Àwẹ̀ró dé Ìdí-Ìyeyè. Ìkùukùu bolẹ̀. Igi ìyeyè kan ti hù láàárín yàrá, ẹ̀ka rẹ̀ ló wá di òrùlé. Ògiri kan ṣoṣo ló kù lóòró. Àwẹ̀ró fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e. Ó tutù, ibì kan lára rẹ̀ ṣì ń dán.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í mọlé. Etí odò ló ti ń gbẹ́ amọ̀ tuntun, ó ń mọ ọ́n yí ògiri ìyá rẹ̀ ká, kò jẹ́ kí ọkọ́ kan ògiri náà. Èyí tó kọ́kọ́ mọ dé orúnkún, ó là. Èyí tó tún mọ, òjò wó o lulẹ̀ gbìì. Ó jókòó sínú ẹrẹ̀, ojú rẹ̀ ń wo ọ̀nà Odò-Òjé.

Baba Òjélàdé, àgbà kan tó ń gbé nítòsí, wá dúró tì í. "Ìwọ obìnrin yìí, ṣé ilé lò ń mọ ni àbí ọṣẹ lò ń pò? Amọ̀ odò nìkan kì í dúró níhìn-ín. Amọ̀ àlàpà la fi ń dì í mú. Ó ti gba òjò, ó ti gba oòrùn, kò mọ ìbẹ̀rù mọ́. Wó ògiri yẹn, kí o pò ó mọ́ tuntun."

"Ha, Baba! Ọwọ́ ìyá mi wà lára rẹ̀!"

"O wá fi ọwọ́ ìyá rẹ síta nínú òjò? Mú un wọlé."

Àwẹ̀ró dijú, ó gbé ọkọ́. Ògiri náà rọra wó bí ẹni tó rẹ̀ tó wá fẹ̀yìn lélẹ̀. Ó da amọ̀ odò mọ́ ọn, ó bu omi lé e, ó bọ́ sínú amọ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́. Orin bọ́ sí i lẹ́nu, ṣùgbọ́n ti ìyá rẹ̀ kọ́ ló jáde mọ́:

Ilé tí mo fẹsẹ̀ tẹ̀,
Kò ní gbàgbé ẹsẹ̀ mi o!

Àwọn tó wà lóko nítòsí gbọ́ ọ. Ọmọ Ìdí-Ìyeyè ni púpọ̀ nínú wọn, wọ́n ti fi àlàpà tiwọn náà sílẹ̀ fún igbó. Ẹnì kan bọ́ sínú amọ̀, ẹlòmíràn tẹ̀ lé e. Ó di ọ̀wẹ̀. Ilé dìde, wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó. Iwájú igi ìyeyè ni wọ́n mọ ọ́n sí, igi náà sì di ti ẹ̀yìnkùlé.

Lọ́jọ́ ìṣílé, Àwẹ̀ró gúnyán, ó se ẹ̀gúsí ẹlẹ́ja gbígbẹ. Ìyá Ọlọ́ṣẹ náà fi ọ̀pá tilẹ̀ wá láti Odò-Òjé. Ó jẹun, ó lá ọwọ́, ó sì sùn sórí ẹní bí ọmọ tuntun. Nígbà tó jí, ó ń wá ọ̀pá rẹ̀. Àwẹ̀ró kúnlẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró sí i.

Ìyá Ọlọ́ṣẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Iyán rẹ dùn, ọmọ mi, ẹní rẹ tutù. Ṣùgbọ́n àlejò rẹ ni mo jẹ́ o. Àjò kì í dùn kí onílé má relé." Gbogbo àwọn tó wá ṣe ọ̀wẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ń fi kọrin bí kálukú ti ń lọ sílé pẹ̀lú ikùn tó kún.

Ìdí rẹ̀ nìyẹn. Bí ẹni kan bá pẹ́ jù lẹ́yìn odi, tí ayé ibẹ̀ tù ú lára tó fi ń gbàgbé, òwe yìí ni àgbà fi ń pè é. Àlejò tó fẹ́ dìde náà ń pa òwe yìí, kí ẹni tó gbà á lálejò má bínú. Bó sì jẹ́ àlàpà lo ní nílé, onílé ni ọ́. Àjò kì í dùn kí onílé má relé.